Ọtí Tí Ń Hó: Ìtàn Ohun Mímu Àríyá Wa, láti Orí Ẹmu dé Orí Wáìnì Inú Ìgò

Nínú gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ àpèjẹ máa ń jíròrò lé lórí kí ọjọ́ àjọyọ̀ ìlú tó kò, kò sí èyí tí í gba àkókò bí ọ̀rọ̀ ohun mímu. Ti oúnjẹ kì í pẹ́ yanjú: iyán yóò wà, àmàlà yóò wà, ìrẹsì kò sì ní ṣàìsí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé orí ohun tí a ó gbé ka iwájú àwọn orí-adé, àwọn àlejò pàtàkì àti àwọn tí a ń retí pé kí wọ́n dáwó, ohùn a bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ síra. Ẹnì kan a ní ṣàm̀péènì ni ó yẹ ìlú ńlá. Ẹlòmíràn a ní owó ilé-ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ dà sínú ife yẹn. Ẹnì kẹta, tí í ṣe Àlàájì, a rọra béèrè pé kí ni òun àti àwọn ará ilé òun yóò gbé sókè nígbà tí wọ́n bá ní kí gbogbo ènìyàn gbé ife láti súre fún ìlú. A rò ó pé ó yẹ kí a tọpa ọ̀rọ̀ yìí lọ sẹ́yìn nínú ìtàn, nítorí pé àríyànjiyàn náà ti dàgbà ju gbogbo àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ lọ.

Ohun tí a kọ́kọ́ fẹ́ kí ó yé wa ni pé ọtí tí ń hó kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Kí ìgò kan tó ti òkè òkun dé, ẹmu ti ń hó nínú agbè. Adẹ́mu a fi igbà gun ọ̀pẹ ní ìdájí, a dá ojú sí ìdí ìtànná rẹ̀, a sì fi akèrègbè kọ́ ọ kí omi rẹ̀ máa kán sí i. Omi náà, bí ó ti ń kán, adùn lásán ni; nínú ìwọ̀n 100 rẹ̀, ṣúgà a máa tó 10 sí 12. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá kí ìwúkàrà tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìwúkàrà yìí a jẹ ṣúgà náà, a sì sọ ọ́ di ohun méjì: èkíní ni èròjà tí í pa ènìyàn, èkejì ni afẹ́fẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon dioxide. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń ru sókè tí ìfóòfó funfun fi ń bo ẹnu agbè. Ìdí nìyí tí kò fi sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fi èdídí dí ẹnu agbè ẹmu pinpin kí ó sì gbé e lé orí kẹ̀kẹ́. Ewé tàbí koríko ni wọ́n máa ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí ó lè máa mí.

Yíyan ẹmu fún àríyá jẹ́ ọgbọ́n fúnra rẹ̀, àwọn baba wa sì gbọ́n ọn dáadáa. Ẹmu òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ẹmu ọ̀sán, ẹmu ọ̀sán yàtọ̀ sí ẹmu àná. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dùn mọ́ àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu. Èyí tí oòrùn ti là lé lórí ni àwọn àgbà fẹ́, nítorí pé adùn rẹ̀ ti ń dín kù, agbára rẹ̀ sì ti ń pọ̀ sí i. Èyí tí ó bá sùn di ọjọ́ kejì ti kan, kò sì yẹ kí a gbé e síwájú àna ẹni. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìyàwó láti gbé tàbí òkú àgbà láti sin a ti lọ bá adẹ́mu ní ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú, wọn a jọ ka iye ọ̀pẹ tí yóò dá sílẹ̀ fún un, wọn a sì ṣe àdéhùn wákàtí tí ẹmu yóò wọlé. Bí ó bá sì dé, ẹni tí ó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ó gbé ilẹ̀ Gold Coast rí yóò rántí pé lọ́hùn-ún, wọn a máa gé ọ̀pẹ lulẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó gba ẹmu lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pẹ tí ó dúró ni a ń gùn, ó sì tún wà níbẹ̀ fún ọmọ ọmọ ẹni tí ó gbìn ín.

Lẹ́yìn ẹmu, ọtí ọkà ni. Ti àgbàdo ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́; ti ọkà bàbà sì wà pẹ̀lú, ilẹ̀ wa tí ó bọ́ sí àárín igbó àti ọ̀dàn sì gba ọkà méjèèjì. Iṣẹ́ obìnrin ni èyí: a ó rẹ ọkà sínú omi, a ó fi ewé bò ó títí yóò fi hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó hó. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó parí, nítorí náà a kò lè dédé ní a fẹ́ ẹ lónìí. Ìyàwó ilé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sí i níyì ní àdúgbò. Òun náà ń hó nínú ìkòkò, gbogbo ìdílé ni ó sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ lóru.

Ọtí òyìnbó ni ó wá da ọ̀rọ̀ rú. Ní gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi láti Rotterdam ní ilẹ̀ Netherlands àti láti Hamburg ní Jámánì ń já jíìnì àti rọ́ọ̀mù sí etíkun wa ní àìmọye àpótí. Ìgò jíìnì onígun mẹ́rin wọ̀nyẹn di ohun tí a fi ń ṣòwò, tí a fi ń tọrọ ìyàwó, tí a fi ń kí ọba, àní ní ibòmíràn ó di owó níná. Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù bíi Herbert Tugwell àti James Johnson ọmọ ilẹ̀ wa bá a jà gidigidi, ṣùgbọ́n ìjọba etíkun kò lè tètè gbọ́, nítorí pé ní ìhà Gúúsù kí ó tó di 1914, owó orí ọtí nìkan tó ìdajì owó ibodè tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1909, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lórí òwò náà. Ìgbìmọ̀ náà kò sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí a dá a dúró. Àwa kò yà á sí ohun ìyanu.

Ní òkè lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa díẹ̀ ni ó sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1890, àwọn ìjọba ńláńlá ayé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Brussels. Òwò ẹrú ni wọ́n pè é sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọtí wà nínú rẹ̀: ibi tí ọtí líle kò bá tíì dé, tàbí tí ẹ̀sìn àwọn ará ibẹ̀ kọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá; ibi tí ó bá sì ti wà, kí wọ́n gba owó ibodè lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ti fi ìlà 7 ní ìhà Àríwá lórí àwòrán ilẹ̀ ṣe ààlà: ọtí líle kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ sókè. Nígbà tí Lugard sì gba Àríwá Nàìjíríà lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, òfin tí ó fi de ọtí líle wà lára àwọn òfin tí ó kọ́kọ́ ṣe. Òyìnbó lè gba àṣẹ kí ó kó tirẹ̀ wọlé fún ara rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ní in. Òrò wà ní òkè ìlà 8, lábẹ́ Ìlọrin, nínú Àríwá. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí wọ́n ṣe ní Brussels ṣe dé ẹnu ife àwọn baba wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè.

Ẹ wo bí ààlà náà ti rí. Ìgbómìnà kan náà ni wá pẹ̀lú àwọn ará Ìlá-Ọ̀ràngún. Èdè kan náà, ìlà ojú kan náà, àna ara wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó fa ìlà rẹ̀, Ìlá bọ́ sí Gúúsù, Òrò àti Ọ̀mù-Àrán àti Èsìẹ́ bọ́ sí Àríwá. Ohun tí òfin Àríwá pè ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, kò dé ọ̀dọ̀ àbúrò. Ní 1908, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo ń kọjá láti inú òfin kan bọ́ sínú òmíràn kí oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ tó dà. Ìdàpọ̀ Àríwá àti Gúúsù ní 1914 kò pa òfin náà rẹ́. Àdéhùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní Saint-Germain ní oṣù kẹsàn-án 1919 tún mú un le sí i, nítorí pé ó de ọtí òwò olówó pọ́ọ́kú ní gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyí.

Àwọn kan nínú wa ń bínú sí òfin yẹn títí di òní, wọ́n ní ìwọ̀sí ni, nítorí pé a ka òyìnbó yẹ láti mu, a kò ka dúdú yẹ. Òótọ́ ni, ìwọ̀sí ni. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ó ṣe fún wa láìmọ̀: nígbà tí jíìnì ń lé ẹmu kúrò nídìí ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní etíkun, tiwa wà ní ipò rẹ̀. Ẹmu àti ọtí ọkà ni a fi ń kí Egúngún kú ọdún, òun ni a fi ń bẹ ọ̀wẹ̀ oko. Ìgò ṣínáàpù tí àwọn kan nínú ẹbí ń kọ sínú ìwé ìdána lónìí, tí wọ́n sì ń jà lé lórí bí ẹni pé ó bá ìlú wá láti Ilé-Ifẹ̀, ọwọ́ àwọn òyìnbó Rotterdam ni ó ti wá, ọ̀nà Gúúsù ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. A kò ní kí ẹ má kọ ọ́ o. Kí ẹ ṣá ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ohun tí ó yí àríyá wa padà ni ìrìn-àjò. Àwọn ọmọ Ìgbómìnà lọ sí Èkó, Ìbàdàn, Jọ́ọ̀sì, Kánò. Ọ̀pọ̀ sì lọ ṣòwò ní Gold Coast. Ní ìdálẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ àṣà ijó alẹ́, tábìlì gíga, alága àti ife tí a ń gbé sókè. Bíà Star kọ́kọ́ jáde láti ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ìgànmú l'Ékòó ní oṣù kẹfà 1949, kò sì pẹ́ tí ó fi di ara àpèjẹ. Ní 1953, àwọn ará Ìlú Ọba ṣe ohun mímu kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Babycham, tí ó ń hó, tí ó sì dùn; èso pear ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe àjàrà, ṣùgbọ́n ó fún ọ̀pọ̀ ìyá tí kò fẹ́ bíà ní ohun tí wọ́n lè dì mú lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà láti oṣù kọkànlá 1969, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kó àṣà ìdálẹ̀ wọn padà wálé. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé láti 1973, ó sì di pé ìgò tí a gbé ka orí tábìlì ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹni tí ó gbé e kalẹ̀. Ní nǹkan bí 2011, àwọn olùwádìí ọjà kéde pé Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọjà ṣàm̀péènì ti ń yára dàgbà jùlọ láyé.

Kí ni ṣàm̀péènì yìí gan-an? Ọ̀pọ̀ tí ń ná owó lé e lórí kò mọ̀ pé orúkọ ilẹ̀ ni. Champagne jẹ́ agbègbè kan ní ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí òtútù ti mú púpọ̀. Wọn a fún èso àjàrà, ìwúkàrà a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nínú agbè ẹmu. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá dé, ìwúkàrà a sùn láìparí iṣẹ́. Nígbà tí ooru bá padà, a jí, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí wọ́n bá ti rọ wáìnì náà sínú ìgò, ìgò a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nínú àjà ilẹ̀. Àléébù ni wọ́n kọ́kọ́ kà á sí. Dom Pérignon, ẹni ọlọ́wọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé òun ni ó ṣe ṣàm̀péènì àkọ́kọ́, tí ó ṣe àbójútó wáìnì ní ilé àwọn ẹni ọlọ́wọ̀ ní Hautvillers láti 1668 títí di ikú rẹ̀ ní 1715, ó sapá láti mú kí wáìnì má hó ni. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kejìlá 1662, Christopher Merret ti ka ìwé kan síwájú àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé àwọn oníṣòwò wáìnì níbẹ̀ ń fi ṣúgà sínú wáìnì kí ó lè hó. Àwọn ará Ìlú Ọba ní ìgò tí ó nípọn, nítorí pé èédú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Ìgò tí wọn kò bá nípọn kò lè gba agbára afẹ́fẹ́ náà mọ́ra.

Ìtàn opó kan wà níbẹ̀ tí àwọn ìyá ọlọ́jà wa yóò fẹ́ gbọ́. Barbe-Nicole Clicquot kò ju ẹni ọdún 27 lọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1805. Dípò kí ó tà òwò náà, ó jókòó tì í. Ìṣòro tí ó dojú kọ gbogbo wọn ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà tí í mú inú ìgò dúdú, gẹ́gẹ́ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu. Ní nǹkan bí 1816, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lu tábìlì ní ihò, wọ́n fi orí ìgò bọ inú ihò náà, wọ́n sì ń yí wọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fi wá sí ẹnu ìgò tí wọ́n lè fi yọ ọ́ jáde. Láti ìgbà náà ni wáìnì náà ti mọ́ gaara. Ní 1844, Adolphe Jacquesson gba ìwé àṣẹ lórí wáyà tí ó ń di èdídí mú. Ní ti adùn, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ará Rọ́ṣíà láyé ọjọ́un dùn bí omi oyin. Ìyá mìíràn tí òun náà jẹ́ opó, Louise Pommery, ni ó gbé èyí tí kò dùn jáde ní 1874 fún àwọn ará Ìlú Ọba. Òfin tí ó wà láti 1936 ní ilẹ̀ Faransé ni pé èso àjàrà agbègbè yẹn nìkan ni ó lè jẹ́ orúkọ náà.

Ẹ ó rí i nísinsìnyí pé iṣẹ́ kan náà ni ìwúkàrà ń ṣe nínú agbè adẹ́mu àti nínú ìgò opó Clicquot. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa ń mí síta, wọ́n sì ti tiwọn mọ́lé. Agbára afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ìgò ṣàm̀péènì tó ìlọ́po 5 sí 6 agbára afẹ́fẹ́ ayé, ó ju ti inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà ni a fi ń bẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣí ìgò níwájú àwọn àgbà: ẹ má ṣe jì í, ẹ má sì kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú ẹnikẹ́ni, ojú ti fọ́ nípa èdídí yìí rí. Kí ó kọ́kọ́ tutù dáadáa, nítorí pé èyí tí oòrùn ti gbóná lára rẹ̀ yóò tú dànù, aṣọ ẹbí ni yóò sì mu ún. Ẹ fi àtàǹpàkò di orí èdídí mú, ẹ yí wáyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ẹ dẹ ìgò díẹ̀, kí ẹ sì yí ìdí ìgò, kì í ṣe èdídí. Bí ó bá ṣí pẹ̀lú ariwo bí ìbọn, ìfóòfó tí a sanwó fún ni ó ń lọ yẹn.

Ní ti yíyàn, ohun tí a kọ sí ara ìgò ni kí a kà, kì í ṣe bí bébà rẹ̀ ti ń dán tó. Bí a bá rí "Brut", kò dùn. Ṣúgà inú lítà kan rẹ̀ kò tó gíráàmù 12. "Extra Dry" tí ọ̀pọ̀ rò pé ó gbẹ jù ú lọ dùn díẹ̀ ju Brut lọ, láti 12 dé 17. "Demi-Sec" ni ó dùn gan-an, láti 32 dé 50. A ti rí àpèjẹ tí wọ́n ra Brut olówó iyebíye, tí àwọn àlejò tọ́ ọ wò, tí wọ́n fajú ro, tí wọ́n sì gbé ife náà sílẹ̀ láti béèrè fún mínírà. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn àlejò. Ẹnu tí ẹmu òwúrọ̀ tọ́, tí ó sì ń jẹ ata nínú ọbẹ̀ iyán, Demi-Sec ni yóò bá a mu. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò pọn dandan kí ó ti Champagne wá. Cava ti ilẹ̀ Sípéènì, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1872, inú ìgò kan náà ni ó ti ń hó bí ti Faransé. Prosecco ti Ítálì, inú àgbá irin ńlá ni ó ti ń hó kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò, èyí sì mú kí owó rẹ̀ fúyẹ́. Asti ti Ítálì bákan náà dùn, agbára ọtí inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 7 nínú 100 lọ. Ìgò kan ń kún ife 6. Kí akápò fi iye orí àlejò pín in kí ó tó jáde lọ sí ọjà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó má sì ra èyí tí ó ti dúró nínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ṣòfò nítorí ògógóró tí èròjà olóró methanol wà nínú rẹ̀. Ilé tí ó pe àlejò kò mọ̀ pé májèlé ni òun gbé kalẹ̀.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn wa ni ìbéèrè Àlàájì. Kò sí ilé kan ní Òrò tí kò ní Mùsùlùmí àti Kristẹni nínú. Ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìsìnkú baba kan náà ni wọ́n sì jọ ń ná owó lé lórí. Nínú àwọn Kristẹni pàápàá, ìjọ wà tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ọtí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí a ń ṣe ni pé a ó gbé ọtí sí tábìlì gíga, a ó sì na ìgò mínírà sí àwọn tí kò mu ún, bí ẹni tí ń rẹ ọmọ kékeré lẹ́kún. Maltina tí ó jáde ní 1976 tún ọ̀rọ̀ ṣe díẹ̀. Nísinsìnyí, ohun mímu àjàrà aláìlọ́tí tí ń hó ti wà, tí wọ́n dì nínú irú ìgò kan náà pẹ̀lú irú èdídí kan náà, bí Chamdor àti Pure Heaven tí ẹ ń rí níbi àpèjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan jẹ́ omi èso àjàrà tí kò di ọtí rí, tí wọ́n kàn fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Èkejì jẹ́ wáìnì tòótọ́ tí wọ́n yọ ọtí inú rẹ̀ kúrò, ó sì lè ku tó ìdajì ẹyọ kan nínú 100. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí lè gba èkíní kí ó sì kọ èkejì. Kí ìgbìmọ̀ ka ohun tí a kọ sí ara ìgò, kí ó sì sọ ọ́ ní gbangba fún àwọn àlejò kí wọ́n tó rọ ọ́. A mọ ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ó jókòó sí tábìlì gíga níbi ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò gbé ife kankan sókè, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi dá a lójú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé adẹ́mu nínú gbogbo èyí. Àwọn tí ó lè gun ọ̀pẹ kò pọ̀ mọ́; àwọn ọmọ wọn ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, àti ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́bàá ìlú Benin, tí wọ́n ń pè ní NIFOR láti 1964, ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè rọ ẹmu sínú ìgò tí yóò fi pẹ́. Wọ́n a fi iná pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kí ó má baà kan, kí ìgò má sì fọ́. Èyí ni pé ohun tí opó Clicquot fi gíláàsì nípọn àti sùúrù borí, àwọn ènìyàn wa fi iná borí rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Houston tí àárò ilé ń sọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti tọ́ méjèèjì wò kò lè purọ́ pé bákan náà ni wọ́n rí. Ẹmu tí iná ti kàn dùn, ṣùgbọ́n kò láyọ̀ bí èyí tí ó ti orí ọ̀pẹ sọ̀ ní ìdájí.

Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ bá tún jókòó, ohun tí àwa yóò dá lábàá nìyí: kí Demi-Sec tí kò gbówó lórí jù wà fún ẹni tí ó fẹ́ ẹ, ìgò tí a ti kà kí a tó rà á, kí omi àjàrà aláìlọ́tí tí ń hó pọ̀ jù ú lọ, kí a sì rọ ọ́ sínú irú ife kan náà lórí tábìlì gíga àti nísàlẹ̀, kí a sì ti rán ẹnì kan sí àwọn adẹ́mu tí ó kù ní agbègbè wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó san àsansílẹ̀ fún wọn, kí ó sì bá wọn fẹnu kò sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Bí ẹmu bá dé lẹ́yìn agogo 12, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà.